Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ ṣe họ́lìdé ní Kùtọ̀nú, ẹ kọ́kọ́ ka èyí

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá ní ọbẹ̀ lórí iná, kó kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó jókòó tì wá.

Láti bí oṣù méjì ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti ń bi wá léèrè ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ìgbafẹ́. Ọ̀kan nínú wọn fi àwòrán Thailand ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp: òkun tó mọ́ gaara, ọkọ̀ ojú omi onígi gígùn, ilé ìsìn tí wọ́n kùn ní wúrà. Ó ní, "Daddy, ṣé onígbàgbọ́ lè lọ síbí?" A ní kí ló dé tí kò ní lè lọ. A wá bi í pé owó ọkọ̀ òfúrufú ńkọ́? Ó dákẹ́. A tún bi í pé, "Àjàṣẹ́ ńkọ́, ṣé o ti dé ibẹ̀ rí?" Ó ní, "Èyí tó wà ní Kwara?" Ìgbà yẹn la mọ̀ pé a ní láti kọ ọ̀rọ̀ yìí.

A ò bú Thailand o. Ẹni tí Ọlọ́run bá fún lówó kó lọ. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ilé onílé ni òun ń lọ. Níbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni wọ́n ń pa pọ̀ síwájú àyà tí wọ́n á tẹ orí ba láti kí àgbà, bí àwa ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Wọn kì í wọ bàtà wọ ilé ìsìn Búdà, wọn kì í wọ̀ ọ́ wọ yàrá ẹlòmíì. Wọn kì í fọwọ́ kan orí ènìyàn, wọn kì í sì í na ẹsẹ̀ sí ènìyàn tàbí sí ère. Ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí ọba wọn, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹni tó bá gbé oògùn olóró wọ ibẹ̀, a ò mọ ìgbà tí a máa tún rí i. Gbogbo èyí la sọ fún ọmọ wa yẹn. A wá sọ fún un pé ibì kan wà tí bọ́ọ̀sì lè gbé wa dé, tí ó ti lè kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò. Ibẹ̀ ni àwa ará ìjọ méjìlá lọ ní ìsinmi Àjíǹde tó kọjá, ọjọ́ mẹ́rin gbáko.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ ná. Tí wọ́n bá pe Benin létí àwa ará Ìkálẹ̀, Ìbìní ti Ẹdó ló ń wá sí wa lọ́kàn, torí ìtàn àwọn bàbá wa kan ibẹ̀. Èyí kọ́ nìyẹn. Orílẹ̀-èdè tí à ń sọ yìí, Dàhòmì ló ń jẹ́ nígbà tó gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni Mathieu Kérékou, ológun tó ń ṣe olórí wọn, yí orúkọ náà padà sí Benin. Ara òkun tó wà níwájú gbogbo wa, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Bight of Benin, ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ. Òkun kan náà ni àwọn ará Ìlàjẹ ń pẹja nínú rẹ̀ ní Ayétòrò. Ẹ ò rí i pé a kì í ṣe àjèjì síra wa tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé ìrìnnà ńkọ́? Ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa láyè láti lo 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù rẹ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, kí wọ́n sì lù ú ní òǹtẹ̀, ti ìhà tiwa àti ti ìhà tiwọn. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà gbọ́dọ̀ wà. Láti ọdún 2016, ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan ti gbà á títí ayé, ìyẹn ni pé kò sí àwáwí. Ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ náà ní òdodo, ẹ má lọ ra káàdì lásán lábẹ́ igi. Ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, àwọn ọmọkùnrin kan tí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba á sáré bá yín pé ẹ má sọ̀kalẹ̀, ẹ mú owó wá, àwọn á bá yín parí ẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀. Àwa tò lórí ìlà, a kọrin díẹ̀, ó gbà wá tó wákàtí méjì, kò sì sí ẹni tó kú.

Láti Ìyànsàn, ẹ má ṣe gbìyànjú láti fi ọjọ́ kan dé ibẹ̀. Òkìtìpupa, Orè, Èkó, kí ẹ sùn níbẹ̀, kí ẹ wá mú ọ̀nà Àgbádárìgì pọ̀n ní kùtùkùtù. Apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń wakọ̀ bíi tiwa. Àwọn tó dàgbà láàárín wa rántí pé ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì, kí ìrìnnà wa lè bá ti àwọn aládùúgbò wa mu. Aago wọn àti tiwa kò yàtọ̀. Ihò iná wọn ló yàtọ̀: ẹnu róbótó ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, kì í ṣe onígun mẹ́rin, nítorí náà ẹ mú ohun tí ẹ máa fi so ṣájà fóònù yín dání.

Ohun àkọ́kọ́ tó yà àwọn ọ̀dọ́ wa lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ ìkíni. Ọ̀kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó nàka sí omi, ó ní "How much?" Obìnrin tó ń tajà ò gbójú sókè. Ó tún un sọ, kò sí èsì. Ìyá kan nínú wa wọlé tẹ̀lé e, kò gbọ́ Faransé ju ẹyọ kan lọ, ó ní "Bonjour" ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó bá wa wá omi tútù nínú fíríìjì. Níbẹ̀, ẹni tí kò kí ènìyàn kò tíì sọ̀rọ̀. Tí o bá fẹ́ béèrè ọ̀nà, kọ́kọ́ kí wọn. Tí o bá fẹ́ bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, kọ́kọ́ kí i. Àwọn Fọ̀n máa ń sọ láàárọ̀ pé "A fọ́n gánjí à?", ìyẹn ni pé ṣé o jí dáadáa. Ìdúpẹ́ wọn ni "A wanu." Ọ̀rọ̀ méjì yìí nìkan ti tó láti sọ yín di èèyàn wọn. Àwa tí à ń pariwo pé Yorùbá ló ni ìkíni, tí a bá dé Èkó a ti máa ń gbàgbé.

Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ ni Ànàgó. Ẹ má bínú sí i, kì í ṣe èébú. Àìmọye àwọn ará ibẹ̀ ló jẹ́ ọmọ Yorùbá, ní Àjàṣẹ́, Pobẹ̀, Ṣábẹ́ẹ̀ àti Kétu. Kétu yìí ni ìlú Alákétu, ìlú tí ogun Dàhòmì fọ́ ní ọdún 1886, tí ẹnubodè àtijọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àkabà Ìdẹ̀nà sì wà níbẹ̀ di òní. Yorùbá tí wọ́n ń sọ máa ń ní Faransé nínú gẹ́gẹ́ bí tiwa ṣe ń ní Gẹ̀ẹ́sì nínú. Bàbá kan ní Àjàṣẹ́ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ò lè sọ gbólóhùn kan tán láìfi "but" sí i, òun náà sì ti sọ "mais" bí ìgbà mẹ́rin kó tó parí ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Àjàṣẹ́ ni òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Òun gan-an ni olú ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kùtọ̀nú ni ìjọba ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ lọ wo mọṣáláṣí ńlá àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Ìran àwọn tó ti oko ẹrú ní Brazil padà wá ló kọ́ ọ, bí wọ́n sì ṣe ń kọ́ ilé ìsìn Kátólíìkì ní Bahia ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Arákùnrin wa kan ti ṣí fìlà, ó fẹ́ wọlé lọ gbàdúrà, ó rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àjàṣẹ́ yìí náà ni Samuel Bilewu Oshoffa, tó jẹ́ káfíńtà, ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tẹ Ayétòrò dó létí òkun tiwa. A ò sọ pé ọ̀kan kan èkejì. A kàn ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ni.

Ganvié, ìlú orí omi, kì í ṣe ohun ìyanu fún ọmọ Ìlàjẹ. Ilé orí òpó ni, ọjà inú ọkọ̀ ni, ọmọ kékeré á máa tukọ̀ lọ sílé ìwé. Ìyá wa kan tí wọ́n bí ní ẹ̀bá Ìgbọ́kọ̀dá wò ó títí, ó ní, "Ṣé owó ilé wa ni mo wá san láti wò yìí?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ibẹ̀ mú un dákẹ́: pé àwọn baba ńlá wọn sá wọ inú ọ̀sà Nọ̀kùwé nítorí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì tó ń kó ènìyàn lẹ́rú, torí èèwọ̀ ìsìn àwọn ọmọ ogun náà kò jẹ́ kí wọ́n jagun lórí omi. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ dúnàádúrà owó ọkọ̀ ní Àgbómẹ̀-Kàlàví kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ẹ má ya fọ́tò àwọn obìnrin tó ń tajà láìtọrọ àyè. Wọ́n máa ń fi ate bojú nígbà tí wọ́n bá rí fóònù, a sì rò pé ó yẹ kó yé ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé Wídà, níbi tí bọ́ọ̀sì wa ti pín sí méjì.

Wídà ni ìlú tí ayé mọ̀ mọ́ Vodun. Ní oṣù kìíní ọdọọdún, tó bọ́ sí àyíká ọjọ́ 10, ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀, ìjọba sì fún un ní ìsinmi. Ilé òrìṣà ère wà níbẹ̀, ère tí à ń sọ yìí, ejò ńlá ni o. Ní òdìkejì ọ̀nà gan-an ni bàsílíkà àwọn Kátólíìkì wà, ojú kojú. Bí bọ́ọ̀sì ṣe dúró, àwọn ìyá ìjọ méjì ní àwọn ò sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bo ara wọn mọ́ ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní tirẹ̀ ti ń wá ìgò òróró àmì òróró nínú àpò, ó ní òun fẹ́ lọ da díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wọn.

A ní kí òróró padà sínú àpò. A bi í pé, tí àlejò kan bá wá sí ilé ìsìn wa ní Ìyànsàn, tó da nǹkan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa láìsọ fún wa, kí la máa ṣe fún un? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni náà ò ní lọ láìfarapa. Ó yé e. Ẹ lọ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17. Pọ́ọ̀lù dé Áténì, ìlú tó kún fún ère, ọkàn rẹ̀ sì dàrú. Ṣùgbọ́n ó rìn kiri, ó wò ó, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára pẹpẹ, ohun tó kà náà ló sì fi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Kò da nǹkan kan nù. Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, dé Àgbádárìgì ní ọdún 1842. Ní ọdún 1843 ó gba Wídà lọ sí Àgbómẹ̀ lọ rí Ọba Gẹ̀zò. Ìkíni ló fi wọ ààfin ọba tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù.

Àwa ò sanwó wọ ilé òrìṣà náà o. Kì í ṣe ìbẹ̀rù. Ibi ìjọsìn ni, a ò sì lè jọ́sìn níbẹ̀, a ò sì rí ìdí tí a fi máa gbé ère kọ́ ọrùn ya fọ́tò bíi pé eré ni ìsìn ẹlòmíì. Ìdúró wa nìyẹn. Ẹni tó bá wọlé kó lọ wo bí ó ṣe rí, a ò ní pè é ní apẹ̀yìndà. A dúró níta, a kí amọ̀nà náà, a sọ fún un pé òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni wá, kò sì bínú. Ó ní lálẹ́, àwọn ère náà máa ń jáde lọ sínú ilé àwọn ènìyàn, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ pa á. Wọ́n á rọra gbé e padà ni. A wo ojú ara wa. Ní Ìyànsàn, ilẹ̀ ò ní mọ́ bá a, àárọ̀ ọjọ́ kejì á ti wà nínú ìkòkò. Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́wọ́ àdá, tí ẹ bá rí ère ní Wídà, ẹ rọra kọjá.

Láti àárín ìlú sí etí òkun tó bíi kìlómítà mẹ́rin. Ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà nìyẹn. Àwọn amọ̀nà á fi ibi igi kan hàn yín tí wọ́n ní wọ́n ń mú ọkùnrin yí ká lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀méje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ní ìparí ọ̀nà ni ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1995 wà, Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò pé àwọn tí wọ́n gba Wídà kó lọ tó mílíọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Yorùbá ni.

Ibí ni àwọn ìyá méjì yẹn ti sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Ọ̀kan jókòó sínú iyanrìn, ó ń sunkún. Ó wá bi wá pé, "Daddy, àwọn wo ló tà wọ́n?" Ọ̀rọ̀ náà le. Àwọn ọba Dàhòmì tà wọ́n. Ogun tí Yorùbá ń bá Yorùbá jà tà wọ́n. Francisco Félix de Souza láti Brazil, tí wọ́n ń pè ní Chacha, là níbẹ̀ lórí òwò yìí, ó sì kú ní 1849. Àwọn Potogí kọ́ odi wọn sí Wídà ní ọdún 1721, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ Jòhánù Onítẹ̀bọmi, wọ́n sì kọ́ ilé àdúrà sínú rẹ̀. Ilé àdúrà, níbi tí wọ́n ti ń ra ènìyàn. A sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. A ò mú un kúrò níbẹ̀ kíákíá. Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó tún nàka sí ilé ère mọ́ títí a fi dé Kùtọ̀nú.

Àgbómẹ̀ jìn, a ò lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọjọ́ kan sí i kó lọ wo ààfin àwọn ọba Dàhòmì, pàápàá ẹ̀yin Ẹ̀gbá tí wọ́n gbógun tì ní 1851 àti 1864 tí wọn ò rí yín mú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà tí wọ́n kó ní ààfin yẹn. Ní Kùtọ̀nú fúnra rẹ̀, ẹ ó rí ère obìnrin jagunjagun tó ga tó mítà 30. Àwọn ọmọbìnrin wa ya fọ́tò níbẹ̀ títí bátìrì fi kú.

Oúnjẹ ò lè ṣòro fún yín. Àkàsà wọn, ẹ̀kọ wa ni. Àmìwó ni ọkà àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì àti ata rò, òun àti adìyẹ díndín, ó dùn. Wàgásì ni wàrà àwọn Fúlàní. Sódábì tí wọ́n á gbé wá fún yín, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín, ògógóró ni, ará Ìkálẹ̀ ò sì nílò kí wọ́n ṣàlàyé ògógóró fún un. Ìyá kan nínú wa gbé pupuru láti ilé, òun àti ọbẹ̀ márúgbó nínú kúlà. Títí di ọjọ́ kẹta ló ń rò ó ní ẹ̀yìn hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ti ń wá tọ́ ọ wò.

Sẹ́fà ni owó wọn, wọ́n so ó mọ́ yúrò, 655 àti díẹ̀ fún ẹyọ kan. Owó onírin ṣì ń ná níbẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa torí ọlọ́kadà wọn, tí wọ́n ń pè ní zémíjàn, kì í sábà ní ṣéńjì. Ẹ dá owó kí ẹ tó gun ọ̀kadà. Ẹ má ṣẹ́ owó lọ́wọ́ ẹni tó ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì. A mọ̀ pé àwọn kan máa ń bá ìjọ rìnrìn àjò nítorí ìrẹsì. Ìjọba wa ti fòfin de kíkó ìrẹsì gba ẹnubodè ilẹ̀ wọlé, ẹ sì rántí pé ẹnubodè wọ̀nyí wà ní títì láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ orúkọ Jésù sí lára kò ní gbé àpò ìrẹsì pa mọ́ sábẹ́ àga. Ẹni tí inú bá ń bí, kó bínú.

Èyí tó wá kù yìí, ẹ̀yin òbí, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ mú ọmọbìnrin yín lọ ṣe họ́lìdé ní Kùtọ̀nú, tó ní òun á san gbogbo owó, tó ní ẹ má ṣe wàhálà pásípọ́ọ̀tù, ẹ dá a dúró. Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti gbà kó ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lọ sí Mali àti Libya, tí ohun tí wọ́n pè ní iṣẹ́ di òwò ara. Ẹni tó ń lọ ṣe ìgbafẹ́ á ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀, á mọ ibi tó máa sùn, á mọ ọjọ́ tó ń padà, ẹni tó wà nílé náà á sì mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi pásípọ́ọ̀tù yín fún ẹnikẹ́ni tọ́jú, títí kan àwa.

A tún ń lọ ní ìsinmi Àjíǹde tó ń bọ̀. Àyè mẹ́rìnlá ló wà nínú bọ́ọ̀sì, mẹ́fà ti lọ. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, kí ẹ mú ojú ewé àkọ́kọ́ pásípọ́ọ̀tù yín àti káàdì abẹ́rẹ́ yín wá kí a rí i. Àwọn ìyá méjì tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì ní Wídà ti fi orúkọ sílẹ̀. Ìyá onípupuru náà ti fi tirẹ̀ sílẹ̀, a sì ti bá a sọ ọ́ pé kúlà kan péré la máa gbé lọ́tẹ̀ yìí.